Ẹ má kàn sọ fún mi pé "ó ń dùn mí": bí a ṣe ń mọ ìrora, bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tí a lè ṣe sí i

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara tó ń dùn, ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó ti fóònù mi lálẹ́ yìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jókòó síwájú mi, mo ní kí ló ń ṣe yín, wọ́n ní "ara ń ro mí." Mo ní níbo? "Gbogbo ara ni." Mo ní irú ìrora wo? "Ìrora náà ni, dókítà." (Mi ò kí ń ṣe dókítà o, àmọ́ tó o bá ti wọ aṣọ funfun nílùú yìí, dókítà ni wọ́n máa pè ẹ́. Wọ́n ti pe ọkùnrin tó ń bá wa nulẹ̀ ní dókítà rí níṣojú mi, ó sì dáhùn.)

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrora kò wọ́n wa lédè Yorùbá rárá. Ó ń ta mí. Ó ń jó mi. Ó ń gún mi. Ó ń fà mí. Ó ń sọ kúlúkúlú. Ó ń rìn mí wìnnìwìnnì. Ẹsẹ̀ mi kú. Ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ń gbé mi lọ síbi ọ̀tọ̀, tẹ́ ẹ bá sì lè sọ èyí tó jẹ́ tiyín gan-an, ẹ ti bá mi ṣe bí ìdajì iṣẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn yín.

Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń ro ṣáá, tó ń burú tẹ́ ẹ bá lò ó, tó ń rọlẹ̀ tẹ́ ẹ bá sinmi, oríkèé tàbí ẹran ara ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń sọ kúlúkúlú, tó gbóná, tó wú, ibẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa ni, tàbí kí nǹkan máa kó jọ síbẹ̀. Tó bá wá ń ta, tó ń jó, tó ń ṣáná láti ìdí lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan wáyà NEPA, tàbí tó dà bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ nìyẹn, ìtọ́jú ẹ̀ sì yàtọ̀. Oríṣi kan tún wà, tó jẹ́ pé a wá ibi tó bàjẹ́ tì, iṣan ò gé, oríkèé ò wú, àmọ́ ètò tó ń gbé ìròyìn ìrora fúnra ẹ̀ ló ti ń ṣe àṣejù. Ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún oríṣi yìí lórúkọ tiẹ̀, nociplastic, ẹ ò ní láti mọ̀ ọ́n pè, kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà, àti pé ẹni tó ń ṣe kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè fa wàhálà torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, bàbá kan wá, wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó àwọn lóru. Èmi ò tiẹ̀ fetí sí "jó" yẹn, mo ti rí ẹsẹ̀ àgbàlagbà, mo ti sọ fúnra mi pé oríkèé ti ń gbó ni, mo gbé àpò omi gbígbóná, mo fi tówẹ̀lì kan wé e, mo gbé e sí wọn lẹ́sẹ̀, mo lọ wo ẹlòmíì. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, wọn ò kígbe, wọn ò ní ó gbóná jù. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, awọ ti lé ròrò. Ìtọ̀ súgà ló ń ṣe wọ́n, ó ti jẹ iṣan ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ tó ń jó wọ́n lóru yẹn kan náà ni kò mọ iná lára mọ́. Wọ́n ní ó ń jó àwọn, mo gbé iná wá. Òwú díẹ̀ ni ì bá gbà mí, kí n fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kí n ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n sọ ibi tí mo fọwọ́ kàn. Ìṣẹ́jú méjì. Látìgbà yẹn, mi ò kí ń gbé ohun gbígbóná sí ara ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi òwú dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí ìrora jẹ́ ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń dojú rú. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé ibi tó ń dùn wá ló bàjẹ́, bó bá sì ṣe dùn wá tó náà ló bàjẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ dúró ní Ọláìyá lọ́jọ́ tí ọkadà bá ṣubú. Ọlọ́kadà á dìde, á bá onímọ́tò jà, á wọ́ ọkadà ẹ̀ kúrò lójú títì, ìgbà tí ẹnì kan bá ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹsẹ̀ yín" ló máa tó jókòó tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹsẹ̀ yẹn ti fara pa látìgbà tó ṣubú o, ọpọlọ ni kò tíì ráyè tiẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gún tíńtín abẹ́ èékánná kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn mọ́jú. Ọpọlọ ló ń dájọ́. Iṣan á mú ìròyìn dé, ọpọlọ á wá wò ó pé ṣé ewu wà níbẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà kan, ṣé ẹni yìí ti sùn, ṣé ọkàn ẹ̀ balẹ̀, kó tó pinnu bó ṣe máa pariwo tó. IASP, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ìrora lágbàáyé, tún ìtumọ̀ ìrora kọ lọ́dún 2020, tí mo bá fi ẹnu tiwa sọ ọ́, wọ́n ní ó jẹ́ ohun tí kò bára dé tí ara àti ọkàn jọ ń mọ̀, tó ń bá ìpalára rìn tàbí tó jọ èyí tó ń bá ìpalára rìn. "Tàbí tó jọ" yẹn ni kẹ́ ẹ fàlà sí. Wọ́n tún fi kún un pé tí èèyàn bá ní òun ń jẹ̀rora, ká bọ̀wọ̀ fún ohun tó sọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi kí ń sáré bá ẹnikẹ́ni kọ ẹ́ksíréè ẹ̀yìn. Àkójọ ìwádìí kan wà tó jáde lọ́dún 2015, wọ́n wo àwòrán MRI àti CT ẹ̀yìn àwọn èèyàn tí ẹ̀yìn ò dùn rárá, tí wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni ogún ọdún, àwọn bíi 37 ni dísìkì wọn, ìrọ̀rí kékeré tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn yẹn, ti ń gbó. Tó bá di ẹni ọgọ́rin ọdún, ó di 96. Kò dùn wọ́n o! Nítorí náà tí wọ́n bá ka àwòrán fún yín tí wọ́n ní "eegun ẹ̀yìn yín ti jẹ," ẹ má torí ẹ̀ lọ dùbúlẹ̀. Irun yín náà ń funfun, ṣé ó ń dùn yín?

Jẹdíjẹdí ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n máa bi mí. Nílùú yìí ẹ̀yìn ò lè dun èèyàn kí wọ́n má ní jẹdíjẹdí ni, wọ́n á ní ṣúgà tó lá àti mílíìkì tó mu ló gun ẹ̀yìn, wọ́n á po agbo. Jẹdíjẹdí wà lóòótọ́, ìdí ló ń bá jà, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, dókítà ń tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn tó ń dun ẹni tó fi ọjọ́ gbogbo jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú ṣúgà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ẹ mu agbo yín, kẹ́ ẹ ṣáà sọ fún wa pé ẹ ń mu ún.

Ìrora tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, a ti ń pè é ní ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ajá ilé tí olè ti wọlé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ fi rò ó. Olè ti lọ, wọ́n ti tún ilẹ̀kùn ṣe, àmọ́ látọjọ́ náà, ewé já bọ́, ajá gbó, ọmọ ilé wọlé, ajá gbó. Ariwo ajá yẹn kì í ṣe irọ́, etí gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé olè wà nínú ilé. Ẹ ò lè fi igi lu ajá yẹn kó dákẹ́. Ẹ máa fi í mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí á fi dá àwọn ará ilé mọ̀, iṣẹ́ tí eré ìdárayá ń ṣe nìyẹn, ó sì ń pẹ́ kó tó bọ́ sí i.

Ó wá kan bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Nínú ìwé iṣẹ́ wa, wọ́n ní kí aláìsàn fún ìrora ẹ̀ ní máàkì láti 0 dé 10, 0 ni pé kò dùn rárá, 10 ni èyí tó burú jù tó lè rò lọ́kàn. Àwọn tó kàwé ò ní wàhálà pẹ̀lú èyí. Àwọn ìyá wa ńkọ́? Ìka ọwọ́ ni mo ń lò. Ìyá aláró kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìka wọn dúdú fún aró títí dé ọrùn ọwọ́, irú dúdú tí ọṣẹ ò lè bọ́, mo ní "Ìyá, ẹ na ìka sókè fún mi, tó bá dùn díẹ̀ ẹ na kan, tó bá jẹ́ pé kò tíì sí irú ẹ̀ rí, ẹ na mẹ́wàá." Wọ́n na mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi fi tẹsẹ̀ kún un."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò kọ mẹ́wàá kí n kàn ṣí ìwé síwájú, torí ohun tí ìyá ń sọ fún mi kì í ṣe nọ́ńbà, wọ́n ń ní kí n gba àwọn gbọ́ ni. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo fẹ́ràn ju tí ìka lọ: "Kí lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè ṣe mọ́?" Wọ́n ní àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀ sí ìkòkò aró kí àwọn fa aṣọ jáde mọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá wọ sùjúùdù nídìí ìrun, ọmọọmọ àwọn ló ń fà wọ́n dìde, ọmọ náà sì ti ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ò lè jókòó sórí àpótí ju ìgbà tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ kan lọ. A wá fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìka tiẹ̀, bó ṣe rọrùn tó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn ni mo fi ń wọn ìrora ìyá yẹn láti ọjọ́ náà lọ, kò sí máṣíìnì kankan tó lè sọ ju ìyẹn fún mi. Ìwé ìbéèrè kan náà wà fún ẹ̀yìn dídùn, Roland-Morris ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè 24, ó ti wà láti 1983, wọ́n sì ti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá tí wọ́n sì ti dán an wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ wa tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ yé é gbé ti Gẹ̀ẹ́sì fún màmá onímàmá kẹ́ ẹ wá máa fi orí ara yín túmọ̀ ẹ̀ lórí ìdúró.

Ohun tí màá rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe nílé kẹ́ ẹ tó wá rèé. Ẹ wá ìwé kékeré, tàbí ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́: ìka mélòó, ọ̀rọ̀ wo (ń ta, ń jó, ń fà), kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó gbéra, kí ló jẹ́ kó rọlẹ̀. Eékún tó le gan láàárọ̀ àmọ́ tó tú sílẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá ti rìn káàkiri ilé, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ara le fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìka ọwọ́ méjèèjì tún wú. Tàkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ oríkèé tó ń gbó, ìkejì ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ tún fi ọwọ́ tọ ipa ọ̀nà tí ìrora ń gbà. Ẹ má kàn ní "ẹsẹ̀", ẹ fi ìka fà á látibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ní fòníkú-fọ̀ladíde tó fi oṣù mẹ́fà fi báàmù ra eékún, ìgbà tí mo yí itan ẹ̀ báyìí ló pariwo, oríkèé ìbàdí ni, ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun níbẹ̀ mọ́. Ìbàdí máa ń rán ìrora lọ sí eékún gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní SS nílé, tí ọmọ bá ń tiro tàbí tó ní eékún tàbí abẹ́nú itan ló ń dun òun, ẹ má máa pe gbogbo ẹ̀ ní kíráìsì, ìyẹn ìrora tó máa ń dé sí wọn lójijì.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ fi sọ́kàn dáadáa. Ẹ̀yìn ń dùn, ẹ ò wá mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń jáde mọ́ tàbí kò jáde rárá, ibi tẹ́ ẹ fi ń jókòó sórí ọkadà kú, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹ má dúró di àárọ̀, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù ńlá. Ẹ̀yìn ń dùn tọ̀sán-tòru láìka bẹ́ ẹ ṣe dùbúlẹ̀ sí, ẹ ń rù, ibà ń wá lálẹ́, òógùn ń bò yín, ikọ́ ò lọ, ẹ lọ yẹ ikọ́ ife wò torí ó máa ń wọ eegun ẹ̀yìn. Ẹni tó ti ṣàìsàn jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti próstéètì rí tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó ṣubú. Àyà tó ń fún èèyàn tó ń lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ o, ẹ̀jẹ̀ dídì lè wà níbẹ̀, wíwọ́ lè tì í lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Tí kò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, ó kù ká ṣiṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má dùbúlẹ̀ tì í. Ẹ̀yìn tó ń dùn, dídùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan kì í wò ó, ńṣe ló ń jẹ́ kí ara tún rọ̀ sí i. Àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ lọ máa fi agídí ṣe é. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn mi ni òwàm̀bẹ̀. Ara yá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jó láti ọ̀sán di alẹ́, wọ́n gbé kúlà, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n wá dùbúlẹ̀ títí di Wẹ́sìdeè, tí ara bá tún ti yá, ìnáwó míì ti dé. Àtipé ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹlẹ̀ báyìí, ajá yẹn á tún gbó sí i. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé, ẹ wo bí ẹ ṣe lè rìn tó kí ìrora tó gbéra. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ fi mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́, ọjọ́ tára yá, mẹ́jọ, ọjọ́ tára ò yá, mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Ọjọ́ tára yá gan-an ló máa ń le jù, torí ẹ̀ẹ́ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Ìgbọ̀nà dé Ọjà Ọba kẹ́ ẹ fi han gbogbo ayé pé ara ti dá. Ẹ fara balẹ̀.

Ṣé ó yẹ kó máa dùn téèyàn bá ń ṣe eré ìdárayá? Ó lè dùn. Tí kò bá ti kọjá ìka márùn-ún nígbà tẹ́ ẹ ń ṣe é, tó sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ ò ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó ṣì ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù, ẹ má jáwọ́. Fún eékún, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni dídìde lórí àga: àga onílé tí kò rọ̀, ẹ ká apá sáyà, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ rọra jókòó padà, ẹ ka ẹyọ kan sí mẹ́ta bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ má já lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Márùn-ún, ẹ sinmi, márùn-ún, ẹ sinmi, márùn-ún. Tí kò bá ṣeé ṣe láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ fi ìrọ̀rí sórí àga kó ga sí i. Ẹ̀yin tí kíkúnlẹ̀ kíni ti di ìjà, àtúnṣe ẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, torí iṣan iwájú itan tó ń gbé yín lórí àga náà ló ń gbé yín nílẹ̀.

Fún ìyá aláró, mi ò sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ò dáa. Mo gbé tówẹ̀lì tútù sínú báàfù, mo ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan, wọ́n tẹ̀ látìbàdí, wọ́n fa tówẹ̀lì, wọ́n fún un, wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ wọ́n jù ú, gbogbo ẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, ó dùn ún wò ká sọ tòótọ́, ó ju ogójì ọdún lọ tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Kí lèmi fẹ́ kọ́ wọn? A kàn gbé ìkòkò sórí búlọ́ọ̀kù méjì kó ga dé itan, a ní kí wọ́n fa aṣọ mẹ́ta kí wọ́n sinmi dípò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, a fi eré ẹ̀yìn àti ti ìdí mẹ́ta tì í. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ní kí wọ́n nàka, wọ́n na mẹ́fà. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ mi ní "ṣé mẹ́fà náà ni?", bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. Ìka méjì tó bá sọ̀ kalẹ̀ ti jẹ́ nǹkan nínú iṣẹ́ yìí, mẹ́rin ló sọ̀ kalẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá yọ tẹsẹ̀ kúrò. Ìyá sì ti ń dìde nínú sùjúùdù fúnra wọn.

Ohun gbígbóná àti ohun tútù: ọrùn ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lónìí, tó ń wú, omi tútù tàbí yìnyín tẹ́ ẹ fi aṣọ wé ni, kì í ṣe omi gbígbóná tí ìyá àgbà máa ń gbé ka iná. Ẹ̀yìn tàbí ọrùn tó ti ń le látọjọ́ pípẹ́, ẹ gbé tówẹ̀lì gbígbóná sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má ṣe bó yín. Ibi tó kú tàbí tí kò mọ òwú lára, ẹ ti gbọ́ ìtàn mi.

Báàmù, òrí, àdí, wíwọ́, gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, ìdí ẹ̀ sì wà. Lọ́dún 1965, Ronald Melzack, ará Kánádà, àti Patrick Wall, ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé bí ẹni pé géètì kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìròyìn ìrora ń gbà kọjá, tí ìròyìn ìfọwọ́kàn bá pọ̀ níbẹ̀, géètì á sún mọ́ra, ìrora díẹ̀ ló máa ráyè kọjá. Ọmọ fẹsẹ̀ gbá òkúta, ìyá ẹ̀ bá a ra á, ó ní pẹ̀lẹ́, ọmọ dákẹ́, ohun tí wọ́n ṣàlàyé nìyẹn. Máṣíìnì TENS tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́dọ̀ wa, èyí tó ní wáyà àti pátákó rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ara tó ń gbọ̀n rìrì, orí ọ̀rọ̀ géètì yìí ni wọ́n gbé e kà. Kò ń wo nǹkan kan sàn o. Ó kàn ń fún yín láyè bíi wákàtí kan tẹ́ ẹ lè fi ṣe eré ìdárayá láìsunkún. Ẹni tí wọ́n fi bátìrì sí lọ́kàn, ẹ má lò ó, ẹ má fi sí ikùn aboyún, ẹ má fi sí iwájú ọrùn.

Kí ọmọdé gun ẹ̀yìn ńkọ́? Gbogbo wa la ti gun ẹ̀yìn bàbá wa rí. Ẹ̀yìn ọ̀dọ́ tó kàn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ó ń dùn mọ́ni, mi ò ní purọ́. Àmọ́ àgbà tí eegun ẹ̀ ti fúyẹ́, tàbí ẹni tí ìrora ẹ̀ ń ṣáná wọ ẹsẹ̀, ẹ má gbé ọmọ gùn ún.

Oògùn apàrora kì í ṣe iṣẹ́ mi, ti dókítà tàbí apòògùn òyìnbó tó gbàwé ni, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ tán kí n má sọ ti àpòpọ̀ kẹ́mìsì. Oríṣi mẹ́rin márùn-ún nínú nylon kan, kò lórúkọ, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán lọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń pa ìrora bíi diclofenac ń jẹ ikùn, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́ téèyàn bá ń lò ó lálòjù, wọ́n ń gbé bíípì sókè, mo sì ti rí ẹni tí ojú ẹ̀ wú roboto nítorí sítírọ́ọ̀dù, oògùn líle kan tó wà nínú àpòpọ̀ náà tí kò mọ̀ pé òun ń gbé mì. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí bíípì, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e mì.

Oorun ńkọ́? Àti ìrònú? Òṣìṣẹ́ kan wà tí ọrùn ẹ̀ máa ń le gan tí owó oṣù bá ti pẹ́, tí álàátì bá ti wọlé, ọrùn á tú. Ó ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Mo ní kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ọpọlọ tó ń dájọ́ yẹn náà ló ń ronú owó ilé ìwé ọmọ. Tí ẹni yín bá ń jẹ̀rora tí kò sì sùn, ẹ kọ́kọ́ wá bó ṣe máa sùn, ẹ ká tẹlifíṣọ̀n kúrò ní yàrá, ẹ jẹ́ kó máa sùn kó máa jí nígbà kan náà, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín eékún ẹ̀ tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín ní ìwé MRTB, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa fisió sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú nylon kan, tàgbo tòyìnbó. Ẹ mú ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn dání. Ẹ wọ ṣòkòtò tó ṣeé ká sókè kọjá eékún, ẹ̀yin ìyá, tó bá jẹ́ èjìká ni, ẹ má wọ bùbá tó há lápá, torí ìdajì àkókò wa ni a máa ń fi bọ́ ọ.